Bí mo ṣe tọpasẹ̀ orúkọ Gésérì

A ń ka 1 Àwọn Ọba orí 9 ní kíláàsì àwọn àgbà ní Ilé Ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi nígbà tí Bàbá kan níjòókòó ẹ̀yìn ké sí mi pé, "Tíṣà, irú ìlú wo ni wọ́n fi ń ta ọmọ lọ́rẹ?" Ẹsẹ 16 ni wọ́n ń sọ: Fáráò kó Gésérì, ó fi iná sun ún, ó pa àwọn ará Kénáánì tó ń gbé ibẹ̀, ó wá fi ìlú náà ta ọmọ rẹ̀ obìnrin, aya Sólómọ́nì, lọ́rẹ. (Ní tiwa, ọkọ ló ń san owó orí. Ti Sólómọ́nì yàtọ̀, àna rẹ̀ ló náwó.) Ẹnu mi wọhò. Mo bẹ Bàbá kí wọ́n fún mi lọ́sẹ̀ kan.

Àṣìṣe ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Lẹ́tà Bíbélì tó wà nílé wa kéré, ojú mi ò sì rí àmì abẹ́ lẹ́tà dáadáa mọ́. Gésérì ni mò ń wá, Géṣúrì ni mò ń kà. Mo ti kọ odindi ojú ìwé kan nípa Ábúsálómù tó sá lọ bá bàbá ìyá rẹ̀ kí n tó mọ̀ pé ìlú ọ̀tọ̀ ni. Géṣúrì wà níhà ìlà-oòrùn Òkun Gálílì. Gésérì wà láàárín Jerúsálẹ́mù àti Jáfà. Mo fa ìwé náà ya.

Ẹ̀ẹ̀kejì, mo kọ gbogbo ẹsẹ tó dárúkọ ìlú náà sílẹ̀. Jóṣúà 16:10 ló la ọ̀rọ̀ yé mi: àwọn ọmọ Éfúráímù ò lé àwọn ará Kénáánì kúrò ní Gésérì. Ìdí nìyẹn tí Fáráò fi bá wọn níbẹ̀.

Ìtumọ̀ orúkọ náà ló kàn. Ọ̀rọ̀ Hébérù tó túmọ̀ sí "gé" tàbí "pín" ni wọ́n fa Gésérì yọ nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà ni Sáàmù 136 lò nígbà tó ní Ọlọ́run pín Òkun Pupa. Àwọn ará Íjíbítì náà mọ ìlú yìí. Òkúta ìrántí Fáráò Merneptah, ti nǹkan bí ọdún 1208 ṣáájú ìbí Kristi, fọ́nnu pé ọwọ́ ti tẹ Gésérì. Òkúta yẹn kan náà ló dárúkọ Ísírẹ́lì.

Ṣùgbọ́n báwo ni wọ́n ṣe mọ ibi tí ìlú náà wà, nígbà tó ti di òkìtì? Ibí yìí ni mo ti gbàgbé oúnjẹ alẹ́. Ará Faransé kan, Clermont-Ganneau, kà nínú ìwé ìtàn àwọn Lárúbáwá pé ìjà kan ṣẹlẹ̀ nítòsí Tell Jezer (ìyẹn òkìtì Jezer, orúkọ tó jọ Gésérì), tí wọ́n sì gbọ́ igbe rẹ̀ ní abúlé Khulda. Ó ní ibi tí igbe lè dé kò lè jìnnà. Ní 1871, ó tọ́ka sí òkìtì kan. Ní 1874, ó rí ohun tí wọ́n gbẹ́ sára àpáta nítòsí ibẹ̀ lédè Hébérù: "ààlà Gésérì." Ìlú náà fúnra rẹ̀ ló jẹ́rìí.

Macalister, awalẹ̀pìtàn ọmọ Ireland, gbẹ́ ibẹ̀ láàárín 1902 sí 1909. Ó rí òkúta ńláńlá mẹ́wàá tí wọ́n tò lóòró. Ó tún rí ògiri kan tó pè ní ilé olódi àwọn Mákábì, ìdílé jagunjagun Júù kan láyé àtijọ́. Nígbà tó di 1958, Yadin, awalẹ̀pìtàn ọmọ Ísírẹ́lì tó ti rí ibodè tó gbà pé ti Sólómọ́nì ni ní Hásórì, ìlú àtijọ́ mìíràn, ṣí ìwé Macalister, ó sì rí i nínú àwòrán pé ìdajì irú ibodè yẹn gan-an ni "ilé olódi" náà. Kò tíì fọwọ́ kan ọkọ́ o! Àwọn tó wá gbẹ́ ibẹ̀ lẹ́yìn náà rí ìdajì tó kù. Àwọn kan ṣì ń jiyàn bóyá Sólómọ́nì ló kọ́ ọ lóòótọ́.

Ohun tí mo gbé lọ sí kíláàsì gan-an ni wàláà òkúta kékeré tí wọ́n rí níbẹ̀ ní 1908, tó wà ní Istanbul báyìí. Kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Mo kà á sókè: oṣù méjì ìkójọ irè, méjì ìfúnrúgbìn, méjì ìfúnrúgbìn àkẹ́yìn, ọ̀kan gígé ọ̀gbọ̀, ọ̀kan ìkórè ọkà báálì, ọ̀kan ìparí ìkórè, méjì títọ́jú àjàrà, ọ̀kan èso ẹ̀ẹ̀rùn. Bàbá ń fi ìka kà á. Ó pé méjìlá.

Wọ́n mi orí. "Ẹni tó kọ eléyìí kì í ṣe àgbẹ̀. Àgbẹ̀ wo ló máa kọ oṣù oko sílẹ̀ kó má baà gbàgbé? Ọmọ ilé-ìwé ni."

N kò tíì sọ fún wọn rárá pé bí ọ̀pọ̀ onímọ̀ ṣe rò ó náà nìyẹn.