Òjò Oṣù Karùn-ún Ló Kọ́kọ́ Kórè: Bí Mo Ṣe Tẹ̀lé Àjàrà Abruzzo Lọ́dún 2023

Iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹrin ọdún 2023 kò jọ iṣẹ́ tó le rárá: kí n máa ka ìwọ̀n òjò láràárọ̀, kí n máa kọ ooru ọjọ́ kọ̀ọ̀kan sínú ìwé, kí n sì máa ṣọ́ àjàrà láti ìgbà tó bá ti rúwé títí di ọjọ́ tí a ó ká a. Oko náà wà lórí òkè kékeré kan ní agbègbè Chieti, ní Abruzzo lórílẹ̀-èdè Ítálì, níbi tí òkè ńlá Maiella wà lẹ́yìn ẹni, tí òkun Adriatic sì wà níwájú. Àjàrà dúdú tí wọ́n ń pè ní Montepulciano, tí wọ́n fi ń ṣe wáìnì, ló pọ̀ jù níbẹ̀. Mo ti bá wọn kórè lẹ́ẹ̀mejì rí, ṣùgbọ́n ẹni tó bá kàn wá ká èso nígbà tó ti pọ́n kò lè mọ ohun tó mú kí èso náà pọ̀ tàbí kó kéré.

Ohun àkọ́kọ́ tí bàbá olóko kọ́ mi ni òfin tí àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ ń pè ní "mẹ́wàá mẹ́ta": bí ooru bá ti tó 10°C, tí ọ̀mùnú àjàrà ti gùn tó sẹ̀ǹtímítà 10, tí òjò tó tó mìlímítà 10 sì rọ̀ láàárín ọjọ́ kan sí méjì, a jẹ́ pé ọ̀nà ti là fún àrùn tí wọ́n ń pè ní peronospora. Inú ewé tó ti wọ́ sílẹ̀ láti ọdún tó kọjá ló máa ń sùn sí. Òjò ló ń jí i, omi tó ń ta láti ilẹ̀ ló sì ń gbé e dé ara ewé tuntun. Ọmọ olóko kòkó láti Ìdànrè ni mí, nítorí náà orúkọ rẹ̀ nìkan ló ṣàjèjì sí mi. Àrùn tó ń sọ èso kòkó di dúdú lórí igi nígbà òjò bá peronospora tan, oògùn tí wọ́n fi bàbà (copper) ṣe ni wọ́n sì ń fín sí àwọn méjèèjì.

Bàbà kì í wọ inú igi. Ara ewé ló ń dúró sí, ó sì gbọ́dọ̀ ti wà níbẹ̀ kí àrùn tó dé. Òjò ńlá ń fọ̀ ọ́ dànù, ewé tó bá sì yọ lẹ́yìn tí a ti fín in kò ní nǹkan kan tó bò ó. Olóko wa kì í lo oògùn olóró mìíràn, òfin Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù sì ti fi ààlà sí bàbà fúnra rẹ̀: kìlógíráàmù 28 lórí hẹ́kítà kan láàárín ọdún méje. Bí ẹni ń ṣọ́ owó ná la ṣe ń fín in.

Oṣù Karùn-ún dé, òjò kọ̀, kò dá. Oṣù yẹn náà ni àgbàrá gba ilé àti oko ní Emilia-Romagna, ní àríwá wa. Tiwa kò dà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọjọ́ 19 ni mo kọ òjò sí nínú ìwé mi. Amọ̀ ni ilẹ̀ oko náà, katakata tó bá wọ ibẹ̀ nígbà tó tutù yóò rì ni. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí òjò dá, mo ní kí a gbé ẹ̀rọ ìfín kọ́ ẹ̀yìn, kí a fẹsẹ̀ rin oko náà bí a ti ń ṣe nínú oko kòkó. Olóko ní kí a ní sùúrù títí ilẹ̀ yóò fi gbẹ. A dúró fún ọjọ́ mẹ́ta. Ní ọjọ́ kẹta, òjò mìíràn ṣú, ó rọ̀ mọ́jú. Títí di òní, èrò mi ni pé bí a bá fẹsẹ̀ rin ìdajì oko náà péré, a kì bá tí kábàámọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Mo pe bàbá mi ní alẹ́ ọjọ́ tí a tó rí ààyè fín in. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n bi mí: "Ṣé ẹ fín in kí òjò tó dé ni, àbí lẹ́yìn tó ti rọ̀?"

Mo ní, "Lẹ́yìn tó ti rọ̀ ni, Bàbá."

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. "Ẹ yáa máa ka èyí tó kù."

Ọjọ́ mẹ́sàn-án lẹ́yìn òjò náà ni mo rí àmì róbótó aláwọ̀ ìyeyè lára ewé, ó ń dán bí ẹni pé epo kán sí i. Mo yí ewé náà padà, ebu funfun ti bo abẹ́ rẹ̀. Àkókò tó léwu jù ló bá wa, torí àárín ìparí oṣù Karùn-ún sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹfà ni àjàrà ń tanná. Àwọn òṣùṣù tí kò tíì ní ju òdòdó lọ ká kò bí ìwọ̀, wọ́n pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, wọ́n sì gbẹ. Bí wọ́n ṣe ń tọ́ àjàrà ní Abruzzo tún dá kún un: orí wáyà tó ga tó mítà méjì ni wọ́n ń fà á sí, tí ewé yóò fi bo òkè bí àtíbàbà. Abẹ́ àtíbàbà yẹn kò gba atẹ́gùn dáadáa, omi sì ń pẹ́ lára ewé níbẹ̀.

Nígbà tí oṣù Keje dé àárín, òjò dá pátápátá, ooru ńlá sì dé. Mo kọ 39°C sílẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ooru yìí ṣe ohun tí bàbà wa kò lè ṣe, ó dá àrùn náà dúró. Ẹ̀rín sì pa mí, torí àtíbàbà tó ṣe wá ní jàǹbá nígbà òjò ló wá ṣíji bo ìwọ̀nba èso tó kù, tí oòrùn kò fi jó o.

Mo rò pé bí èso ti kéré tó yìí, yóò tètè dùn. Mo ṣìrò. Ewé ló ń ṣe ṣúgà fún èso, ewé sì ti ṣòfò. Láti ìparí oṣù Kẹjọ ni mo ti ń já èso 100 lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, tí mo ń fún omi wọn sójú awò kékeré tí wọ́n ń pè ní rifrattometro láti fi wọn ṣúgà. Nígbà àkọ́kọ́, èso tó dára lójú nìkan ni mo já, ohun tí mo kà sì tàn wá jẹ; lẹ́yìn náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í já láti apá oòrùn àti apá òjìji, láti orí òkè àti ìsàlẹ̀ oko. Bíi gíráàmù ṣúgà 17 nínú lítà kan ló ń di ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ọtí, nítorí náà ìyàtọ̀ díẹ̀ kì í ṣe nǹkan kékeré. Oṣù Kẹsàn-án móoru, ó sì gbẹ, ìyẹn ló fún wa láyè láti dúró títí kóró inú èso fi pọ́n, tí èèpo rẹ̀ kò sì kan lẹ́nu mọ́.

Ọjọ́ 4 oṣù Kẹwàá la bẹ̀rẹ̀ sí í ká a. Sísọ̀sì kékeré la fi ń yọ èso gbígbẹ kúrò nínú òṣùṣù kọ̀ọ̀kan kí ó tó wọ kéréètì, ọwọ́ wa sì lọ́ra gan-an. Ìlà keje, tó kún kéréètì 42 lọ́dún 2022, kò ju 15 lọ. Kì í ṣe àwa nìkan: wáìnì gbogbo Ítálì lọ sílẹ̀ sí nǹkan bíi mílíọ̀nù 38 hẹ́kítólítà (lítà 100 ni hẹ́kítólítà kan) lọ́dún náà, ó fi ìdá 23 nínú ọgọ́rùn-ún dín sí ti ọdún tó ṣáájú, Faransé sì gba ipò kìíní lọ́wọ́ wọn. Àwọn ènìyàn ń pè é ní ọdún burúkú, ṣùgbọ́n mo tọ́ ọ wò nínú àgbá, kò sí àbùkù nínú adùn rẹ̀. Oṣù Karùn-ún ló mú iye rẹ̀ lọ; oṣù Kẹsàn-án kò ba ohun tó kù jẹ́.

Mo fi ìwé náà lé olóko lọ́wọ́ nígbà tí a parí. Ó ṣí i sí ojú ewé oṣù Karùn-ún, ó fi ìka tọ ọjọ́ mẹ́ta tí a fi dúró yẹn, kò sì sọ̀rọ̀. Nígbà tí mo padà síbẹ̀ ní oṣù Kejìlá, ẹ̀rọ ìfín tuntun méjì tí wọ́n ń gbé kọ́ ẹ̀yìn ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ katakata.