Bí a ṣe ń tú ìtàn ilé ìṣòwò àtijọ́ l'Ékòó: àpẹẹrẹ Ilojo Bar

Ara ilé ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò, kí ẹ tó lọ wá ìwé. Ìwé lè dúró dè yín nínú àpótí. Ilé lè má dúró. Ilojo Bar, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àwọn Àgùdà (àwọn tó padà dé láti Brazil) ní Ìta Tinúbú, ni ìjọba kéde ní ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní ọjọ́ 5 oṣù kẹrin 1956, síbẹ̀ wọ́n wó o palẹ̀ ní ọjọ́ 11 oṣù kẹsàn-án 2016. Àdánù ńlá gbáà ni. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò bá wọ̀n níbẹ̀ ṣáájú ọjọ́ náà, kò ṣeé wọ̀n mọ́.

Ẹ gba àyè lọ́wọ́ onílé. Ẹ ya fọ́tò gbogbo ojú ilé láti òdìkejì títì, kí ẹ tó sún mọ́ ilẹ̀kùn àti fèrèsé, pàápàá èyí tí orí rẹ̀ tẹ̀ bí òṣùmàrè. Ẹ na téèpù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí ẹ ń yà. Ẹ wọn bí ògiri ṣe nípọn tó ní ojú fèrèsé yàrá kọ̀ọ̀kan. Búlọ́ọ̀kù òde òní jẹ́ ínṣì 9 tàbí 6. Ògiri tó bá sún mọ́ ìwọ̀n yẹn lè jẹ́ àfikún, torí ògiri amọ̀ àtijọ́ sábà máa ń nípọn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má họ ògiri o. Ibi tó ti ṣí fúnra rẹ̀ ti tó.

Ó wá ku ìwé. Ọwọ́ ẹni tó ni ilé báyìí ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ máa padà sẹ́yìn. Alfred Omolona Olaiya ra Ilojo Bar ní 1933. Ẹbí Fernandez ló kọ́ ọ ní 1855, fún ilé ọtí àti ilé oúnjẹ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n tún fi ń pè é ní Olaiya House àti Casa do Fernandez. Orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni kí ẹ fi wá a, kí ẹ sì wo Fernandes pẹ̀lú, torí akọ̀wé kì í kọ orúkọ Àgùdà bákan náà.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà rèé: 1861 ni Gẹ̀ẹ́sì tó gba Èkó. Ẹni tó bá ń wá ìwé ilẹ̀ ìjọba wọn ti ọdún 1855 kò ní rí i. Bí ìwé bá jáde lẹ́yìn náà, ọjọ́ orí ìwé ló sọ, kì í ṣe ti ilé. Nítorí náà, ẹ fa ìlà mẹ́rin sínú ìwé yín: kíkọ́, títà, àtúnṣe, ìkéde. Èyí tí kò bá ní ẹ̀rí, ẹ fi í sílẹ̀ lófìfo.

Ìwé ìròyìn àtijọ́ bíi Lagos Weekly Record àti Lagos Standard dára fún ìpolówó ọjà: ẹ ó rí orúkọ òpópónà, ọjà àti oníṣòwò. Àmọ́ ayálégbé náà máa ń polówó, ẹ má tètè pè é ní onílé.

Ẹ kọ ọjọ́ àti igun ilé sára fọ́tò kọ̀ọ̀kan. Ẹ fún ẹbí ní ẹ̀dà kan, kí ẹ sì gbé òmíràn síbi tó jìnnà sí ilé náà.