Àwọn Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Láàrin Àwọn Tí Ń Kó Aago Ọwọ́ Olówó Gọbọi Jọ

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2017, aago Rolex Daytona kan dé orí gbàǹjo ní ìlú New York, mílíọ̀nù 17.75 dọ́là ni wọ́n sì rà á. Irin ni aago náà, kì í ṣe wúrà. Paul Newman, òṣèré tí ó tún máa ń wa ọkọ̀ ìje, ni ó lò ó. Ìyàwó rẹ̀, Joanne Woodward, ni ó rà á fún un, tí ó sì ní kí wọ́n fín in sí ẹ̀yìn rẹ̀ pé kí ó máa rọra wakọ̀. Nígbà tí irú ojú aago tí ó wà lára rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, ọjà rẹ̀ kò yá rárá. Ẹni tí ó bá fi ojú ẹni tí ń ra wúrà wo ọjà yìí yóò ṣì í rà, nítorí ohun tí àwọn tí ń kó aago jọ ń torí rẹ̀ tú àpò ni èyí tí ó ṣì wà lára aago bí wọ́n ti ṣe é lọ́jọ́ kìíní. Inú àìmọ èyí ni ọ̀pọ̀ àṣìṣe tí mo ń rí ti ń wá.

Èyí tí ó burú jù nínú wọn ni dídán aago. Ẹ wo aago Royal Oak, tí Gerald Genta, ayàwòrán aago, yà fún ilé iṣẹ́ aago Audemars Piguet ti Switzerland, tí ó jáde ní ọdún 1972. Irin ni, síbẹ̀ 3,300 franc Switzerland ni wọ́n dá lé e, iye tí ó ju ti ọ̀pọ̀ aago oníwúrà ìgbà náà lọ, ní àkókò tí aago oníbátìrì tí Seiko, ilé iṣẹ́ aago ti Japan, gbé jáde lópin ọdún 1969 ti ń gba oúnjẹ lẹ́nu àwọn aláago Switzerland. Bí ẹ bá gbé e sún mọ́ fèrèsé, ẹ ó rí ibi tí owó náà wọlé sí: orí òrùka onígun mẹ́jọ tí ó yí ojú aago náà ká ní ìlà tínínrín tínínrín tí kò dán, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ tí wọ́n gé dàgẹ̀rẹ̀ ń kọ mànà bí dígí, ojú ìpàdé àwọn méjèèjì sì mú bí abẹ. Ẹni tí ó bá ti ẹ̀rọ ìdánrin bọ irú aago yìí yóò mú kí ó dán lóòótọ́, àmọ́ etí tí ó mú yẹn yóò di rọ̀bọ̀tọ̀, kò sì sí ẹni tí yóò dá irin tí ó ti jẹ lọ padà. Aago tí àpá kún ara rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò tíì dán rí, ni àwọn tí ojú wọn là ń wá kiri.

Títún ojú aago kùn jọ èyí. Ẹ̀gbọ́n mi kan jogún Omega Seamaster lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀. Ojú aago náà ti funfun rí, ṣùgbọ́n ó ti di àwọ̀ oyin, ó sì wuni. Ó gbé e fún atúnaagoṣe kan pé kí ó kàn fọ ẹ̀rọ inú rẹ̀, kí ó sì fi òróró sí i. Ọkùnrin náà fẹ́ ṣoore: ó ha ọ̀dà àtijọ́ dànù, ó kun òmíràn, ó sì tún orúkọ kọ sí i. Nígbà tí mo fi dígí tí ń mú nǹkan tóbi lójú wò ó, àwọn ìlà ìṣẹ́jú ti yà kúrò lójú ọ̀nà, ọ̀dà sì ti dí inú lẹ́tà kan pa. Ẹni tí ó ti fẹ́ rà á tẹ́lẹ̀ wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó dá a padà, ó sì béèrè àlàáfíà ilé.

Àwọn kan gbà pé bí aago bá ti wúwo, tí abẹ́rẹ́ ìṣẹ́jú àáyá rẹ̀ sì ń yọ́ lọ láìfò, kò lè jẹ́ ayédèrú. Àwọn aláyédèrú ti kọjá ibẹ̀ tipẹ́. Ohun kékeré ni kí ẹ máa wò. Ìdè mẹ́jọ, irú bóòtù, ni ó wà lórí òrùka Royal Oak, ihò tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó wà lórí wọn sì tò tẹ̀lé ara wọn yí po, nítorí pé orí ìdè náà onígun mẹ́fà jókòó sínú ihò onígun mẹ́fà, kò lè yí. Láti ẹ̀yìn aago ni wọ́n ti ń dè é. Bí ihò orí ọ̀kan bá yà kúrò nínú ìtò náà, ẹ má wulẹ̀ ná an.

Lójú tèmi, aago alábùlẹ̀ tún léwu ju ayédèrú lọ, èyí tí gbogbo ẹ̀yà rẹ̀ jẹ́ ojúlówó ṣùgbọ́n tí wọn kò ti inú aago kan náà wá. Nítorí pé ojú aago irú ti Newman ni ó gbé owó lára Daytona, àwọn kan a máa wá ojú bẹ́ẹ̀ fi sínú Daytona lásán. Ara ọ̀pọ̀ Rolex àtijọ́ ní nọ́ńbà tí wọ́n fín sí àárín ìwo aago, àwọn apá tí ẹ̀wọ̀n so mọ́, níbi tí ẹ̀wọ̀n ti bò ó, nítorí náà ẹni tí ó bá kọ̀ láti yọ ẹ̀wọ̀n náà lójú yín ti sọ tẹnu rẹ̀. Páálí àti ìwé ìrajà dára, àmọ́ àwọn náà ní ayédèrú. Ilé iṣẹ́ aago Patek Philippe máa ń fún ẹni tí ó ní aago rẹ̀ ní ìwé láti inú àkọsílẹ̀ ilé iṣẹ́ náà, èyí sì ṣe é gbára lé ju páálí lọ.

Ríra orúkọ láìwo irú aago náà tún wọ́pọ̀. Omega Speedmaster tí NASA, àjọ ìrìnàjò ojú òfurufú Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí ní ọdún 1965, tí Buzz Aldrin so mọ́wọ́ lójú òṣùpá ní ọdún 1969, jẹ́ èyí tí a ń fi ọwọ́ wáìn. Oríṣi Speedmaster mìíràn wà tí ó ń wáìn ara rẹ̀, tí àwọn kan sì ń tà bí ẹni pé òun náà dé òṣùpá.

Ẹ má sì sáré tẹ̀lé ariwo. Aago Nautilus, iṣẹ́ Genta kan náà fún Patek Philippe, jáde ní ọdún 1976. Nígbà tí ilé iṣẹ́ náà dá ṣíṣe oríṣi 5711 onírin dúró ní ọdún 2021, ìgboro dàrú. Ní oṣù Kejìlá ọdún náà, ọ̀kan tí ojú rẹ̀ ní àwọ̀ búlúù ilé ìtajà ọ̀ṣọ́ Tiffany gba mílíọ̀nù 6.5 dọ́là ní gbàǹjo. Àwọn tí kò mọ̀ ju orúkọ lọ ń rà á nígbà náà ní ju ìlọ́po mẹ́ta iye tí ilé ìtajà ń tà á. Láàrin ọdún 2022 ni owó rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í já wálẹ̀, tí àwọn tí ó yáwó rà á sì jókòó ti gbèsè.

Ti omi kò gùn. Ọgbọ̀n mítà tí wọ́n kọ sára aago kò ní kí ẹ wọ odò lọ; òfin àgbáyé ISO 6425 fún aago òmùwẹ̀ béèrè ó kéré tán 100 mítà kí aago tó jẹ́ ti òmùwẹ̀, rọ́bà inú rẹ̀ tí kì í jẹ́ kí omi wọlé sì ń gbó. Ẹ má sì fi ọwọ́ yí ọjọ́ oṣù láti aago mẹ́sàn-án alẹ́ títí di aago mẹ́ta òru, nítorí eyín ẹ̀rọ náà lè kán.

Bí ẹ bá gbé aago lọ fún àtúnṣe, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé pé kí wọ́n má dán an, kí wọ́n má pààrọ̀ ojú tàbí abẹ́rẹ́ rẹ̀, kí wọ́n sì dá gbogbo ẹ̀yà tí wọ́n bá yọ padà fún yín. Kódà ilé iṣẹ́ tí ó ṣe é lè fi ẹ̀yà tuntun rọ́pò ti àtijọ́, kí inú wọn sì máa dùn pé àwọn ṣe yín lóore. Ẹ̀gbọ́n mi padà lọ béèrè tirẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀dà tí wọ́n ti ha dànù kò ṣe é kó sínú ọ̀rá.