Bí a ṣe lè padà sí àná láti òfuurufú: ohun tí ìṣirò gbà àti ibi tó ti ń há

Lílọ sí ọ̀la kò le. Ní 1971, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Hafele àti Keating gbé aago átọ́ọ̀mù wọ ọkọ̀ òfuurufú, wọ́n fi yí ayé ká lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí wọ́n gba apá ìlà-oòrùn, aago náà rẹ̀yìn sí ti ilé ní nánósẹ́kọ́ǹdì 59 (nánósẹ́kọ́ǹdì kan jẹ́ ìdá kan nínú bílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá). Nígbà tí wọ́n gba apá ìwọ̀-oòrùn, ó fi 273 ṣáájú. Aago orí sátẹ́láìtì GPS náà ń fi máíkírósẹ́kọ́ǹdì 38 yá ju ti orí ilẹ̀ lọ lójoojúmọ́. Bí wọn kò bá tún un ṣe, máàpù inú fóònù yín yóò ti ṣì yín lọ́nà kí ilẹ̀ tó ṣú. Eré sísá àti òòfà (gravity) ló ń fa èyí: aago tí a bá gbé sáré, tàbí tó bá wà nítòsí ohun tó wúwo gan-an, máa ń falẹ̀. Ẹni tí aago rẹ̀ bá falẹ̀ ti bọ́ sí ọ̀la àwọn yòókù nìyẹn.

Gbogbo ọgbọ́n pípadà sẹ́yìn kò ju méjì lọ. Ẹ jẹ́ kí aago méjì yàtọ̀ síra, kí ẹ sì wá àbùjá tí yóò so wọ́n pọ̀. Apá kìíní ti wà lọ́wọ́ wa. Àbùjá ni wàhálà.

Àwọn ọ̀nà tí ẹ lè yẹ̀ sílẹ̀

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà, àmọ́ kì í ṣe gbogbo ọ̀nà ló ṣeé rìn. Orúkọ onímọ̀ tó ṣírò ọ̀kọ̀ọ̀kan ni a ó fi máa pè é. Ti Gödel, ní 1949, fẹ́ kí gbogbo àgbáńlá ayé máa yí bí òkòtó. Kò sí àmì kankan pé tiwa ń yí, nítorí náà ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀.

Ti Tipler, ní 1974, jẹ́ òpó tó ki pọ̀ rékọjá, tó ń yí débi pé ara rẹ̀ ń sáré ju ìlàjì eré ìmọ́lẹ̀ lọ. Bí ọkọ̀ yín bá rọra yí òpó náà ká, ẹ lè dé kí ẹ tó gbéra. Àléébù rẹ̀ ni pé òpó tí ó ṣírò gbọ́dọ̀ gùn láìlópin. Bí ẹ bá gé e kúrú, ìṣirò náà kò dúró mọ́. Stephen Hawking sì fi hàn ní 1992 pé ẹ̀rọ èyíkéyìí tí títóbi rẹ̀ bá ní òpin, tí a fi ohun lásán kọ́, kò lè dá irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ láìsí agbára òdì. A máa dé orí agbára òdì láìpẹ́.

Ti ihò dúdú (black hole, ibi tí òòfà ti lágbára débi pé ìmọ́lẹ̀ pàápàá kò lè jáde) tó ń yí, tí Roy Kerr ṣírò ní 1963, ló ń fa ojú àwọn èèyàn jù. Láàárín rẹ̀ lọ́hùn-ún, àárín gbùngbùn kì í ṣe ojú kan ṣoṣo, òrùka ni, ẹ̀gbẹ́ òrùka náà sì ni ìṣirò ti gbà kí èèyàn lọ pàdé àná. Ẹ má gbìyànjú rẹ̀ pẹ̀lú ihò kékeré. Èyí tó wúwo tó òòrùn mẹ́wàá yóò ti fà yín gùn bí okùn kí ẹ tó dé ẹnu rẹ̀. Èyí tó wà láàárín ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ tiwa, Sagittarius A*, wúwo tó òòrùn mílíọ̀nù mẹ́rin, ẹ sì lè kọjá ẹnu rẹ̀ láìfarapa. Inú ni wàhálà wà. Ibodè kejì kan wà nínú ihò náà, ibẹ̀ sì ni gbogbo ìmọ́lẹ̀ tó wọlé lẹ́yìn yín yóò ti kó agbára jọ. Poisson àti Israel ṣírò rẹ̀ ní 1990: agbára yẹn ń ga sókè láìní òdiwọ̀n, ó sì ń ba ibodè náà jẹ́. Àti pé kò sí ọ̀nà àbájáde.

Ti Gott, ní 1991, ń lo okùn àgbáńlá ayé (cosmic string) méjì, tó tín-ín-rín ju átọ́ọ̀mù lọ, tó sì wúwo tó bẹ́ẹ̀ tí sẹ̀ǹtímítà kan ṣoṣo nínú rẹ̀ lè tó tọ́ọ̀nù mílíọ̀nù bílíọ̀nù mẹ́wàá. Àwọn méjèèjì ní láti kọjá lára ara wọn ní 99.999999992% eré ìmọ́lẹ̀. Títí di òní, kò sí ẹni tó tíì rí ẹyọ kan. Àwa ń wá méjì.

Ihò àbùjá

Èyí tó kù ni wormhole, tí a ó máa pè ní ihò àbùjá. Ó ní ẹnu méjì àti ọ̀fun kan. Ẹnu méjèèjì lè jìnnà síra bí ọ̀run àti ayé, síbẹ̀ kí ọ̀fun àárín wọn má ju mítà díẹ̀ lọ. Morris, Thorne àti Yurtsever ló kọ́kọ́ kọ ìlànà rẹ̀ sílẹ̀ ní 1988, òun nìkan ló sì ní ìgbésẹ̀ tó ní ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin. Nítorí náà ni a ṣe máa jókòó tì í.

Ẹ kọ́kọ́ wá ihò. Èrò tó wà nílẹ̀ ni pé bí a bá wo àyè ní ìwọ̀n tó kéré jù lọ, ìyẹn mítà 1.6 × 10⁻³⁵, a ó rí i pé ó ń hó bí ọṣẹ, tí àwọn ihò kéékèèké ń là tí wọ́n sì ń pa dé. Ẹ ní láti mú ọ̀kan nínú wọn, kí ẹ fẹ̀ ẹ́ ní ìlọ́po 10³⁵, kí èèyàn lè gba inú rẹ̀ kọjá.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi nǹkan dá ọ̀fun rẹ̀ dúró. Ihò tí ẹ bá fi sílẹ̀ lásán yóò pa dé kí ìmọ́lẹ̀ pàápàá tó kọjá. Ohun kan ṣoṣo tó lè tì í ṣí ni agbára òdì, agbára tó kéré sí ti òfìfo, bí àkáǹtì tí owó inú rẹ̀ ti kọjá òdo bọ́ sínú gbèsè. Kì í ṣe àlá. Casimir sọ ní 1948 pé bí a bá gbé irin pẹlẹbẹ méjì súnmọ́ra nínú òfìfo, agbára àárín wọn yóò lọ sí òdì, wọn yóò sì fa ara wọn. Lamoreaux wọn ìfà náà dáadáa ní 1997. Bí àlàfo wọn bá jẹ́ nánómítà 10, ìfà náà tó bí afẹ́fẹ́ ayé ṣe ń tẹ̀ wá.

Iye tí ẹ nílò ló ń dẹ́rù bani. Fún ọ̀fun tí ìdajì ìbú rẹ̀ jẹ́ mítà kan, agbára òdì náà ní láti tó ìwọ̀n Júpítà, ní apá òdì. Ford àti Roman tún fi kún un ní 1996: bí agbára òdì bá ṣe pọ̀ tó ni ó gbọ́dọ̀ wà níbi tó há tó. Fún ihò oní-mítà kan yìí, gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ wọ inú ìpele kan tí kò nípọn ju mítà 10⁻²¹ lọ, ìyẹn ìdá kan nínú mílíọ̀nù ìbú prótọ́ọ̀nù. Ibí ni gbogbo iṣẹ́ náà ti lè kú. Bí ẹ bá ti yanjú rẹ̀, èyí tó kù kàn ń fẹ́ sùúrù ni.

Ẹ wá ya aago méjèèjì. Ẹ fi ẹnu A sílẹ̀ nílé, kí ẹ wọ́ ẹnu B lọ. A lè fún un ní iná mànàmáná kí a fi pápá iná fà á, tàbí kí a gbé ohun tó wúwo sí iwájú rẹ̀ kí òòfà rẹ̀ máa fà á. Ká ní B gbéra ní 1 oṣù Kìíní 2100, ní 86.6% eré ìmọ́lẹ̀. Ní eré yìí, aago rẹ̀ ń rìn ní ìlàjì tiwa. Ó lọ fún ọdún mẹ́wàá, ó yí padà, ó dé ní 2120. Aago ara rẹ̀ yóò kà 2110. Àmọ́ ẹni tó bá wo A láti inú ọ̀fun yóò rí i pé aago méjèèjì ṣì bára mu, torí pé inú ihò kò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni rin ìrìn-àjò. Nítorí náà, ẹni tó bá wọ B ní 2120 yóò jáde ní A ní 2110.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí èèyàn wọ ẹnu tí kò yẹ. Ẹni tó bá wọ A ní 2110 yóò bá ara rẹ̀ ní 2120; iwájú ló lọ. Ẹ kọ orúkọ sí ẹnu méjèèjì gàdàgbà.

Ẹ̀yìn ní ààlà o. Bí wọ́n tilẹ̀ ṣe ihò náà ní 2100, ẹ kò lè dé 2100. Òfin rẹ̀ ni pé ìmọ́lẹ̀ tó bá jáde ní A gbọ́dọ̀ lè gba ìta dé B kí aago B tó kọjá àkókò tó jáde. Nígbà tí B ṣì ń lọ, kò ṣeé ṣe. Nígbà tó ń bọ̀, ó di ṣíṣe. Bí a bá ṣe ìṣirò ìrìn-àjò tí a sọ yìí (láì ka ìgbà tó ń mú eré tàbí tó ń dẹwọ́), ibodè tó lọ sí àná ṣí nígbà tí aago A ka ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Karùn-ún 2106. Ẹni tó bá fẹ́ rí 2105 ti pẹ́ jù.

Bí kò bá sí ọkọ̀ eléré: ìràwọ̀ nútírọ́ọ̀nù

Frolov àti Novikov fi hàn ní 1990 pé òòfà lè ṣe iṣẹ́ eré. Ìràwọ̀ nútírọ́ọ̀nù ni òkú ìràwọ̀ tó ki pọ̀ gan-an. Èyí tó wúwo tó òòrùn 1.4, tí àárín rẹ̀ sí èèpo rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 12, máa ń mú kí aago orí rẹ̀ falẹ̀ ní 19%. Ẹ gbé B síbẹ̀, kí A wà ní jíjìnnà mílíọ̀nù kìlómítà 150. Ìmọ́lẹ̀ ń gba ìṣẹ́jú mẹ́jọ ó lé díẹ̀ kọjá àlàfo náà, nítorí náà nǹkan bí ìṣẹ́jú 44 ni ọ̀nà àná yóò fi ṣí.

Àmọ́ ẹ má lọ wọ B lórí ìràwọ̀ náà. Òòfà ibẹ̀ tó ìlọ́po bílíọ̀nù 130 ti ayé, ìyàtọ̀ rẹ̀ láti orí dé ẹsẹ̀ nìkan sì tó láti fọ́ irin. Ìmọ́lẹ̀ àti ìròyìn nìkan ni ẹ lè fi ránṣẹ́. Bí ẹ̀yin fúnra yín bá fẹ́ lọ, ẹ fi B síbẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá, kí ẹ fà á kúrò, kí ẹ gbé e wá sí ẹ̀gbẹ́ A. Ìyàtọ̀ aago náà yóò jẹ́ ọdún kan àti nǹkan bí oṣù mọ́kànlá, kò sì ní parẹ́.

Ibi tó ti ń bàjẹ́

Ní ìṣẹ́jú tí ibodè náà bá ń ṣí, ìmọ́lẹ̀ tó bá wọ B lè jáde ní A, kí ó gba ìta padà wọ B ní àkókò kan náà tó kọ́kọ́ wọlé. Ó di méjì, ó di mẹ́rin, bí ìgbà tí ẹ gbé makirofóònù sí iwájú sípíkà. Ìmọ́lẹ̀ lásán lè fọ́n ká, àmọ́ ìgbì inú òfìfo fúnra rẹ̀ kì í fọ́n ká tó. Thorne àti Kim rò ní 1991 pé ihò náà lè yè é. Hawking ní kò ní yè é. Ní 1997, Kay, Radzikowski àti Wald fi hàn pé ní ibodè yẹn gan-an, ìṣirò tí gbogbo wọn ń lò kò lè dáhùn mọ́. Ó ń fẹ́ ẹ̀kọ́ òòfà kúántọ̀mù, èyí tí yóò so òòfà pọ̀ mọ́ òfin àwọn ohun tó kéré jù lọ, tí kò sì tíì parí.

Ní ti ẹni tó fẹ́ lọ dí òbí rẹ̀ lọ́wọ́ kí wọ́n má bí i, wọ́n ti fi bọ́ọ̀lù bílíádì dán an wò nínú ìṣirò. Bọ́ọ̀lù náà wọ B, ó jáde ní A ṣáájú, ó fẹ́ gbá ara rẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà. Ohun tí Echeverria, Klinkhammer àti Thorne rí ní 1991 ni pé ọ̀nà wà tí kò fi ní tako ara rẹ̀: bọ́ọ̀lù àgbà kàn ń fara kan ti kékeré fẹ́ẹ́rẹ́, ìfarakàn yẹn gan-an ló sì jẹ́ kí ó wọlé ní igun tí yóò fi ṣìnà gbá a. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ẹyọ kan, àìlóǹkà ni, kò sì sí ohun tó sọ èwo ni bọ́ọ̀lù náà yóò yàn.

Ní 28 oṣù Kẹfà 2009, Hawking se àsè ní Cambridge fún àwọn arìnrìn-àjò láti ọ̀la, lẹ́yìn àsè ló tó fi ìwé ìpè síta. Ẹnikẹ́ni kò wá. Ọ̀pọ̀ ló fi èyí ṣe ẹ̀rí pé kò sí ìpadàsẹ́yìn, ṣùgbọ́n ẹ wo ìṣirò wa lókè: ihò tí wọ́n bá ṣe ní 2100 kò lè gbé ẹnikẹ́ni padà sẹ́yìn kọjá 2106, áńbọ̀sì kó dé 2009.