Lẹ́tà Mẹ́jọ àti Bàtà Kan: Bí Mo Ṣe Ṣe Ìwé Kíkà fún Àwọn Ọmọ Wa ní Kubwa

Ọmọ mọ́kàndínlógún ni ó ń wá sí kíláàsì Yorùbá tí àwa òbí mélòó kan ń ṣe ní ọ̀sán Sátidé ní Kubwa, ní Àbújá, ìwé kíkà mẹ́ta péré ni gbogbo wọn sì ń bá ara wọn pín. Ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò ní èèpo mọ́, ojú ìwé karùn-ún sì ni ó kù tí ó ń ṣe bí ẹni pé òun ni ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ náà kì í ṣe aláìgbọ́ Yorùbá: wọ́n ń gbe orin àlọ́, bí ìyá wọn bá sì fi òwe bá wọn wí, wọ́n mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ń lọ. Kíkà ni kò sí. Nítorí pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ́ wọn ní lẹ́tà ní ilé ìwé, ohunkóhun tí ojú wọn bá rí, Gẹ̀ẹ́sì ni ẹnu wọn fi ń pè é. Mo kọ “ilé” sí ojú pátákó lọ́jọ́ kan, ọmọ ọdún méje kan pè é ní “áìlì”. Mo kọ “ọmọ”, ẹlòmíràn ní ọṣẹ ìfọṣọ ni, pé ó wà nílé àwọn. N kò lè bá a wí. Ẹni tí kò bá ka àmì abẹ́ lẹ́tà sí, ọṣẹ náà ni yóò rí.

Mo kọ́kọ́ rò pé kí n ra ìwé sí i láti Ìbàdàn. Ẹni tí mo rán tilẹ̀ bá mi ra mẹ́rin wá, wọ́n sì dára fún ọmọ tí ó ti ń kàwé bọ̀. Ohun tí kò jẹ́ kí wọ́n bá àwọn tiwa mu ni pé láti ojú ìwé àkọ́kọ́ ni gbogbo lẹ́tà mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ti ń ya lu ọmọ lẹ́ẹ̀kan náà, tí ọ̀rọ̀ bíi “gbẹ́nàgbẹ́nà” ti ń yọjú kí ọmọ tó mọ̀ pé “gb” jẹ́ lẹ́tà kan, kì í ṣe méjì. Yàtọ̀ sí èyí, oko kòkó ni bàbá inú ìwé ń lọ. Ọmọ tí wọ́n bí sí Kubwa mọ màsà, ó mọ fura, ó mọ Òkè Zuma tí ó wà lẹ́yìn owó ọgọ́rùn-ún náírà tí wọ́n gbé jáde ní 1999, tí àwòrán Awólọ́wọ̀ wà níwájú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kòkó tí òun mọ̀ ni ti inú agolo, èyí tí wọ́n ń pò mọ́ mílíìkì ní òwúrọ̀.

Ilé ìwé kò sì ní bá wa ṣe é. Ìlànà ètò ẹ̀kọ́ tí ìjọba àpapọ̀ gbé jáde ní 1977 sọ pé kí a fi èdè abínibí tàbí èdè àdúgbò kọ́ ọmọ ní ìbẹ̀rẹ̀ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ tẹ̀lé e ní Kubwa, èdè Gbagyi tàbí Haúsá ni èdè àdúgbò, kì í ṣe Yorùbá, n kò sì rí ohun tó burú níbẹ̀, nítorí ilẹ̀ àwọn Gbagyi ni a wà. Àwọn tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà ti Ifẹ̀ ní 1970, lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá, tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ fún ọdún mẹ́fà gbáko, ní láti jókòó kọ ìwé tí wọ́n fẹ́ lò. Mo wí fún ara mi pé bí àwọn yẹn bá lè kọ ìwé ìṣirò àti ti sáyẹ́ǹsì, ó yẹ kí èmi náà lè kọ ojú ìwé méjìlá fún ọmọ tí kò tíì mọ “ọ” yàtọ̀ sí “o”.

Yíyan lẹ́tà ni mo fi bẹ̀rẹ̀, òun ni ó sì gba àsìkò mi jù. Mo fẹ́ kí ọmọ lè ka ìwé náà láti èèpo dé èèpo láìbá lẹ́tà tí a kò tíì kọ́ ọ pàdé. Mo kọ gbogbo lẹ́tà sára páálí, mo gé wọn sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, mo sì ń tò wọ́n lórí tábìlì oúnjẹ ní alẹ́ lẹ́yìn tí àwọn ará ilé bá ti sùn. Mo yọ “e” àti “i” kúrò pátápátá, nítorí pé àwọn méjèèjì ni Gẹ̀ẹ́sì ti dàrú jù lẹ́nu àwọn ọmọ wa. Mo yọ “p” náà, nítorí “p” tiwa àti ti Gẹ̀ẹ́sì kò bára tan. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ọ́mọ̀ fi “o” àti “ọ” sínú ìwé kan náà, kí ojú ọmọ lè tètè mọ̀ pé àmì kékeré tó wà nísàlẹ̀ kì í ṣe ìdọ̀tí. Ní alẹ́ kẹta, ohun tó ṣẹ́kù lórí tábìlì ni a, b, k, l, o, ọ, t àti w. Lẹ́tà mẹ́jọ. Mo ń wò wọ́n títí mo fi rí bàbá, mo rí bàtà, mo rí ọmọ kan tó ń jẹ́ Bọ́lá, ìtàn sì tò wá fúnra rẹ̀: Bàbá wá. Bàbá bọ́ bàtà. Bọ́lá bá bàbá kó bàtà. Bọ́lá wọ bàtà bàbá. Bàtà bọ́!

“Bọ́” yìí dùn mọ́ mi nínú. Bàbá bọ́ bàtà nítorí pé ó ti délé, bàtà sì bọ́ lẹ́sẹ̀ Bọ́lá nítorí pé ó tóbi jù ú lọ. N kò lè sọ nínú ìwé pé ó tóbi, torí pé “i” ti wà nínú àpótí; mo fi ìyẹn sílẹ̀ fún àwòrán. Mo pín ìtàn náà sí ojú ìwé méjìlá, gbólóhùn kan sí ojú ìwé kan, mo sì rí i dájú pé kò sí ọ̀rọ̀ kan tó wá lẹ́ẹ̀kan péré, nítorí pé ọ̀rọ̀ tí ọmọ bá rí lẹ́ẹ̀kan, àlejò ni.

Kí n tó tẹ ohunkóhun, mo gbé e lọ fún ìyá àgbà kan ní àdúgbò wa, tó ti ṣe tíṣà ní Ìlọrin fún ọdún púpọ̀ kí ó tó wá máa gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀. Wọ́n kà á dé ojú ìwé keje, níbi tí mo kọ “Bàbá wò Bọ́lá” sí, wọ́n sì bọ́ awò ojú wọn.

“Ọmọ mi, pè é kí n gbọ́.”

Mo pè é.

“Ṣé o gbọ́ ohun tí ẹnu rẹ wí?”

Ẹnu mi wí “wo”, ọwọ́ mi kọ “wò”. Màmá ṣàlàyé fún mi pé ọ̀rọ̀-ìṣe onísílébù kan tó ní ohùn ìsàlẹ̀ máa ń di ohùn àárín bí ọ̀rọ̀-orúkọ bá jẹ́ àbọ̀ rẹ̀: a wò ó, ṣùgbọ́n a wo Bọ́lá, a rà á, ṣùgbọ́n a ra bàtà. Láti kékeré ni mo ti ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ láìmọ̀ pé òfin ni. Wọ́n tún kìlọ̀ fún mi pé kí n má jẹ́ kí àmì òkè tó kẹ́yìn “bàbá” di àmì ìsàlẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn atẹ̀wé, nítorí pé “bàbà” ni yóò dà, ìyẹn ọkà tí àwọn Haúsá ń pè ní dawa, tó kún gbogbo ọjà Òkè Ọya. “Bàbà wá, bàbà bọ́ bàtà,” ni Màmá wí, wọ́n sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń kọ pátákó ìpolówó lẹ́bàá títì ni ó bá mi ya àwòrán. Kò gbọ́ Yorùbá. Haúsá ni a fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀, tèmi kò sì ju ti ọjà lọ. Ní àkọ́kọ́, ó ya bàbá bíi sẹ́nétọ̀, pẹ̀lú agbádá ńlá àti bàtà aláwọ ọ̀nì. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó ya ẹni tó sọ̀kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ Nápẹ́ẹ̀pù lẹ́yìn iṣẹ́, tí eruku wà lára bàtà rẹ̀, èyí ni ó sì mọ̀ ọ́n yà jù. Nígbà tí mo fi àwòrán bàtà han ọ̀kan nínú àwọn ọmọ, ó ní “takalmi” lẹ́yẹ-ò-sọkà. Ó tọ̀nà ní Haúsá, ṣùgbọ́n kò ka lẹ́tà kankan. Nítorí náà ni mo ṣe gbé gbólóhùn sí òkè ojú ìwé, tí àwòrán wà nísàlẹ̀, kí ojú lè kọ́kọ́ kan ọ̀rọ̀.

Irú lẹ́tà tí mo fi tẹ̀ ẹ́ lórí kọ̀ǹpútà ni Andika, tí SIL, àjọ kan tó ń ṣiṣẹ́ lórí èdè, ṣe fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìwé kíkà, tí ó sì jẹ́ ọ̀fẹ́. “a” inú rẹ̀ rí bí èyí tí ọmọ ń fi pẹ́ńsù kọ, àmì òkè àti àmì ìsàlẹ̀ sì jókòó síbi tó yẹ wọ́n. Ibi tí wàhálà Yorùbá wà lórí kọ̀ǹpútà ni “ọ́”. “á” jẹ́ lẹ́tà kan ṣoṣo lójú kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n “ọ́” kò rí bẹ́ẹ̀. “Ọ” ni, tí a gbé àmì lé lórí, bí irú lẹ́tà tí a lò kò bá sì mọ bí yóò ṣe gbé e, àmì náà yóò yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo gbé fáìlì mi lọ sí ilé ìtẹ̀wé kan ní Utako, kọ̀ǹpútà wọn kò ní Andika, ó fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, àpótí kékeré kan sì jókòó sí àárín orúkọ Bọ́lá ní gbogbo ojú ìwé. Mo padà sílé, mo sọ ọ́ di PDF tí irú lẹ́tà náà wà nínú rẹ̀, kí ó má baà yà sọ́wọ́ òmíràn mọ́.

Bí a bá ka èèpo mọ́ ojú ìwé méjìlá ti ìtàn, 16 ni gbogbo rẹ̀. Ìwé olójú ewé 16 gba tákàdá A4 mẹ́rin, nítorí pé ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí a bá ṣẹ́ ẹ sí méjì, yóò fún wa ní ojú ìwé mẹ́rin. Ẹni tí kò bá ṣe é rí yóò rò pé 1 àti 2 ni yóò wà ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Rárá o: ní tákàdá tó wà lóde pátápátá, 16 àti 1 ni ó jọ wà lójú kan, tí 2 àti 15 wà lẹ́yìn. Mo ṣẹ́ tákàdá òfìfo mẹ́rin, mo fi pẹ́ńsù kọ nọ́ńbà sí wọn, mo sì tú wọn ká láti wo bí wọ́n ṣe tò. Ìgbà náà ni mo rí i pé ojú ìwé méjì tó bá jọ wà ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, àròpọ̀ wọn 17 ni nígbà gbogbo. Mo mọ gbogbo èyí, síbẹ̀ mo ṣe àṣìṣe tó ná mi lówó. Mo ní kí wọ́n tẹ ọgbọ̀n ẹ̀dà láìkọ́kọ́ wo ẹyọ kan. Ẹ̀rọ yí tákàdá náà ní ẹ̀gbẹ́ gígùn dípò ẹ̀gbẹ́ kúkúrú, gbogbo ojú ìwé ẹ̀yìn sì dojú dé. Bàbá wá níwájú, ó fi orí sọlẹ̀ lẹ́yìn. Ẹ̀bi mi ni, mo san owó méjèèjì.

Fún dídì, stapler kékeré kò dé àárín tákàdá. Ohun tí mo ṣe ni pé mo la stapler náà, mo tẹ́ ìwé sórí fóòmù, mo tẹ pín-ìn-nì méjì sí ojú ibi tí a ṣẹ́, mo sì fi ẹ̀yìn ṣíbí tẹ ẹnu wọn mọ́lẹ̀ nínú, kí ó má baà gún ọmọ lọ́wọ́. Ẹnì kan béèrè bóyá mo gba ISBN, nọ́ńbà tí a fi ń dá ìwé kọ̀ọ̀kan mọ̀. Ilé Ìkàwé Àpapọ̀ Nàìjíríà ni ó ń fún ènìyàn, òun náà ni ó fà á tí ẹ fi máa ń rí 978 lẹ́ẹ̀mejì níbẹ̀rẹ̀ nọ́ńbà ìwé wa, àkọ́kọ́ fún ìwé, èkejì fún Nàìjíríà. Èyí tí a kò ní tà kò nílò rẹ̀.

Ní Sátidé àkọ́kọ́, inú mi dùn jù bó ṣe yẹ lọ. Kí wákàtí kan tó pé, gbogbo wọn ń ka ìwé náà bí omi. Lẹ́yìn náà ni mo ṣàkíyèsí pé ọmọkùnrin kan ń ka ojú ìwé kẹsàn-án nígbà tí ìwé rẹ̀ ṣí sí ìkẹjọ. Wọ́n ti há a sórí ni. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo kọ àwọn ọ̀rọ̀ náà sára kádì, mo dà wọ́n rú, mo sì to gbólóhùn tí kò sí nínú ìwé: “Bàbá wọ bàtà Bọ́lá.” Mọ́kànlá nínú wọn dákẹ́. Àwọn mẹ́jọ tó kù ka ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń fi ìka tọ́ ọ, nígbà tí wọ́n sì dé ìparí, ẹ̀rín bú jáde, nítorí pé wọ́n rí bàbá nínú bàtà kékeré. Ẹ̀rín yẹn ni mo fi mọ àwọn tó ń kàwé. Àwọn mọ́kànlá náà, kádì ni a fi bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú wọn lákọ̀tun, ó sì gba ọ̀sẹ̀ márùn-ún kí ó tó kan ẹni ìkẹyìn. Àwọn kan náà ni wọ́n fi hàn mí pé bàtà méjèèjì tó wà ní ojú ìwé kẹfà jẹ́ ti ẹsẹ̀ òsì, ohun tí èmi, ayàwòrán àti Màmá kò rí.

Ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́fà kan kà á tán lẹ́ẹ̀mejì láìsí ẹnikẹ́ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó yí èèpo ẹ̀yìn wò, ó sì wá bá mi.

“Ẹ jọ̀ọ́ sà, màmá Bọ́lá ńkọ́?”

Mo sọ fún un pé a kò tíì kọ́ “m”. Ó rò ó fún ìgbà díẹ̀, ó ní: “Wọ́n ṣì wà lọ́jà nìyẹn.” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ní alẹ́ ọjọ́ náà mo mú “m” jáde nínú àpótí, mo gbé e ti àwọn mẹ́jọ lórí tábìlì, mo sì kọ ojú ìwé àkọ́kọ́ ìtàn kejì: Màmá wá. Màmá kó ata wá.