Bí mo ṣe tún ọgbà ewúrẹ́ kan kọ́ nítorí àmọ̀tẹ́kùn

N kò ní dárúkọ abúlé náà, ẹ má bínú. Ẹni tó ń wá awọ àmọ̀tẹ́kùn kiri náà lè ka ohun tí mo kọ. Ẹ ṣáà mọ̀ pé ó wà létí igbó tí ìjọba fi òfin dè, àti pé iṣẹ́ káfíńtà ni mo bá débẹ̀, kì í ṣe iṣẹ́ ọdẹ.

Àwọn kan tó ń bá àwọn ará abúlé wá ọ̀nà tí wọn ò fi ní máa bá ẹranko igbó fa wàhálà ló pè mí. Àmọ̀tẹ́kùn ti wọ ọgbà ẹran bàbá àgbàlagbà kan, ó pa ewúrẹ́ mọ́kànlá lóru ọjọ́ kan ṣoṣo, ọ̀kan péré ló sì gbé lọ. Bàbá ní èyí kì í ṣe ebi, ìkà ni. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀ nínú ọkàn mi. Ọ̀gá àwọn tó pè mí ló là mí lójú: nínú igbó, tó bá ti fò mọ́ ẹran kan, àwọn yòókù á ti fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Nínú ọgbà, wọn ò ríbi sá gbà. Wọ́n á máa sáré yí i ká, wọ́n á máa ké, bí èyí bá sì ṣe ń sáré kọjá níwájú rẹ̀ ni yóò ṣe máa fò mọ́ ọn. Ọgbà tó dá ewúrẹ́ dúró àmọ́ tí kò dá àmọ̀tẹ́kùn dúró burú ju kí ọgbà má sí rárá lọ. Ojú yẹn ni mo fi wo gbogbo iṣẹ́ náà.

A kò gbé òòlù lọ́jọ́ àkọ́kọ́. A wádìí ẹni tó pa ẹran ná. Lára àwọn òkú tó kù, ihò eyín wà lọ́fun, ó jìn, ó sì mọ́. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kò ya rárá. Ká ní ajá ni, itan àti ikùn ni ì bá kọ́kọ́ fà ya. Ojú ẹsẹ̀ tó wà nínú ẹrẹ̀ lẹ́bàá ilẹ̀kùn rí roboto, kò sí àmì èékánná níwájú ọmọ ìka, nítorí pé ńṣe ni ó máa ń ká èékánná rẹ̀ sínú tó bá ń rìn. A dé ilé kejì tí wọ́n ti ń pariwo pé àmọ̀tẹ́kùn gbé ọmọ àgùntàn àwọn náà: èékánná hàn kedere nínú ẹrẹ̀ tiwọn. Ajá ni. Ká ní a ò wò ó, à bá ti náwó sórí òrùlé fún ajá tí kò lè gun nǹkan kan.

Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, mo wọ inú ọgbà náà pẹ̀lú ewúrẹ́ tó kù, mo dojú bolẹ̀ (òórùn yẹn ò ṣe é sọ), ọmọ iṣẹ́ mi wá ń fi tọ́ọ̀ṣì yí ìta ká díẹ̀díẹ̀, ó gbé e sí gíga orúnkún. Ibikíbi tí ìmọ́lẹ̀ bá gbà wọlé, mo fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí i. Àmì mẹ́tàlélógún ni mo sà. Ọgbà ẹlẹ́gùn-ún tí Bàbá ń bú pé kò dára mọ́, ihò mẹ́ta péré ló ní. Ogún yòókù, ara ilẹ̀kùn àti férémù rẹ̀ ni: pákó mẹ́ta tí wọ́n fi okùn so pọ̀, tí wọ́n ń fi òkúta tì lálaalẹ́. Wọ́n sì ti ń múra àtiṣán ẹ̀gún tuntun láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá! A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.

A na nẹ́ẹ̀tì onírin sí ẹ̀yìn ẹ̀gún náà láti inú, a ri ìsàlẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀, a sì tẹ etí rẹ̀ síta lábẹ́ ilẹ̀, kí ohun tó bá fẹ́ gbẹ́ ilẹ̀ wọlé lè bá irin pàdé. Lẹ́yìn náà ni òrùlé: a na nẹ́ẹ̀tì lé orí ọ̀pá. Àmọ̀tẹ́kùn lè fò sókè tó bíi mítà 3, ó sì ń gbé òkú ẹran gun igi, nítorí náà ògiri tí kò ní òrùlé, àtẹ̀gùn ni lójú rẹ̀. A gé ẹ̀ka igi kan tó nà sórí ọgbà náà. Ó dun Bàbá gan-an, òjìji igi yẹn ni wọ́n máa ń jókòó sí.

Ká ní kìnnìún ló wà lágbègbè yẹn, ọ̀tọ̀ ni iṣẹ́ tí à bá ṣe. Kìnnìún sábà máa ń rìn yí ọgbà màlúù ká títí wọn á fi gbóòórùn rẹ̀. Ẹ̀rù á ba màlúù, wọ́n á fi ara wọn wó ọgbà, wọ́n á sì sá jáde lọ bá a. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ta tapólì tó nípọn yí ọgbà ká láwọn ibì kan ní gúúsù Áfíríkà, kí màlúù má ríta, kí kìnnìún má sì rínú.

Ilẹ̀kùn ló gba àkókò jù. Bàbá fẹ́ kó máa ṣí sínú, torí ó rọrùn láti da ẹran wọlé. Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ìta ni kó máa ṣí sí." Tó bá ti fara ti férémù láti ìta, bí ohun kan bá ṣe ń tì í tó ni yóò ṣe máa le sí i. Mo fi ìdábùú kan sí òkè, mo rò pé ó ti tó. Mo wá fi ẹsẹ̀ ti igun ìsàlẹ̀, ó yẹ̀, bàtà mi sì wọlé tán. Mo fi ìkejì sí ìsàlẹ̀.

Àṣìṣe tèmi wá hàn lóru ọjọ́ kẹsàn-án. Mo ti ṣọ́ igi ná, mo fi mítà kan àtààbọ̀ sáàárín ọ̀pá òrùlé kan sí èkejì. Àmọ̀tẹ́kùn náà gun orí nẹ́ẹ̀tì òrùlé, nẹ́ẹ̀tì sì rọ̀ sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ bí àkéte tó ti gbó, ọwọ́ rẹ̀ bá ẹ̀yìn ewúrẹ́ kan. Lówùúrọ̀, a rí ojú èékánná mẹ́ta, ó gùn tó ìka ọwọ́ mi. Ewúrẹ́ náà kò kú. Bàbá kò bú mi, wọ́n kàn fọ ọgbẹ́ náà níṣojú mi láìsọ̀rọ̀. Ìdajì mítà ni mo fi sáàárín àwọn ọ̀pá náà lọ́jọ́ yẹn.

Àwọn ọ̀dọ́ ní kí a ya ojú sí ìdí ẹran, pé àwọn rí i lórí fóònù. Òótọ́ ni. Ní àgbègbè Okavango ní Botswana, wọ́n dán an wò fún ọdún 4 lára agbo màlúù 14, àbájáde rẹ̀ sì jáde ní 2020: nínú 683 tí wọ́n ya ojú sí, kìnnìún àti àmọ̀tẹ́kùn kò pa ẹyọ kan, nínú 835 tí wọn ò ya nǹkan kan sí, wọ́n pa 15. Àmọ́ màlúù tó ń jẹ̀ lọ́sàn-án nìyẹn, àwọn tí wọn ò yà sì wà láàárín wọn. Kò ní ohun tó máa ṣe fún ọgbà òru. Wọ́n ya ewúrẹ́ mẹ́ta bákan náà. Ọ̀kan fi ìdí ha ògiri, ó di olójú kan. Iná sólà tó ń ṣẹ́jú la gbé kọ́ sígun ọgbà, irú èyí tí ọmọ Kenya kan, Richard Turere, ṣe nígbà tó wà ní kékeré láti lé kìnnìún kúrò nídìí màlúù bàbá rẹ̀ lẹ́bàá Nairobi. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ la ń pààrọ̀ ibi tó wà, kí ẹranko náà má bàa mọ̀ ọ́n lójú.

Igò oògùn apakòkòrò kan wà lókè àjà Bàbá. Gbogbo wa la mọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe. Ọ̀gá jókòó tì wọ́n, wọ́n sọ bí àwọn kan ní Kenya ṣe fi irú oògùn bẹ́ẹ̀ sára òkú màlúù nítorí kìnnìún, tí igún àti ìkookò tó wá jẹ ẹ́ sì kú pẹ̀lú. Bàbá ní kí wọ́n wá mú àmọ̀tẹ́kùn náà lọ síbòmíràn nígbà náà. Wọ́n ti ṣe ìyẹn náà ní Maharashtra ní Íńdíà; lẹ́yìn tí wọ́n kó àwọn àmọ̀tẹ́kùn tú sínú igbó mìíràn, ìkọlù sí ènìyàn ló pọ̀ sí i nítòsí ibi tí wọ́n tú wọn sí. Bàbá kò dáhùn.

Ọ̀rọ̀ ènìyàn kò gba àkókò púpọ̀. Ọmọdé kì í dá lọ pọn omi ní ìrọ̀lẹ́ mọ́. A kọ́ ṣáláńgá sítòsí ilé, a gbé iná sí i, torí ẹni tó lóṣòó nínú igbó lóru kéré bí ẹran lójú àmọ̀tẹ́kùn. Tẹ́ ẹ bá pàdé rẹ̀, ẹ má sáré, ẹ má kẹ̀yìn sí i. Ẹ gbọ́wọ́ sókè, ẹ sọ̀rọ̀ sókè, kí ẹ máa fẹ̀yìn rìn. Ẹ má sì pé lé e lórí.

Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, mo padà lọ wo iṣẹ́ mi. Òjò ti rọ̀ lóru, ojú ẹsẹ̀ roboto yẹn sì yí ọgbà ká lẹ́ẹ̀mejì, ó dúró díẹ̀ níwájú ilẹ̀kùn, ó gba ọ̀nà igbó lọ. Bàbá ka ewúrẹ́ wọn níṣojú mi, wọ́n tún un kà. Igò náà ṣì wà lókè àjà. Mo bi wọ́n bóyá kí n bá wọn gbé e lọ. Wọ́n ní kí n kọ́kọ́ mú òòlù mi wá, pé ilẹ̀kùn ọgbà àbúrò àwọn ń ṣí sínú.