Akàn, Edé àti Àgbàdo Nínú Ìkòkò Kan

Ẹni tó bá jí dé ọjà ẹja Olúwo ní Ẹ̀pẹ́ kì í wá akàn àti edé tì. Ilé ìdáná ni ọ̀rọ̀ ti máa ń bàjẹ́: wọ́n á da gbogbo rẹ̀ sómi lẹ́ẹ̀kan náà, àgbàdo ò ní jinná, pọ̀tétò á fọ́, edé á le koko. Ìkòkò kan ni lóòótọ́, àmọ́ ohun kọ̀ọ̀kan ló ní àsìkò tirẹ̀.

Fún ẹni mẹ́fà, ẹ ra akàn ńlá 6, edé ńlá kílò 1, àgbàdo tútù 4 àti pọ̀tétò kéékèèké kílò 1. Àlùbọ́sà 2, aáyù odidi 1, atalẹ̀ tó tó àtàǹpàkò, ata rodo 5, ọsàn wẹ́wẹ́ 3, efinrin ẹ̀kúnwọ́ kan àti bọ́tà díẹ̀ ló kù. Bí pọ̀tétò bá wọ́n, ẹ lo ọ̀dùnkún, àmọ́ ẹ gé e nípọn, torí ó tètè ń fọ́.

Akàn gbọ́dọ̀ wà láàyè títí dé ilé. Èyí tó bá ti kú lọ́nà, ẹ dà á nù, ì báà jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ni wọ́n tà á. Ó tètè ń bàjẹ́, ẹran rẹ̀ á sì rọ̀ pẹ̀tẹ̀. Ẹ má jù ú láàyè sínú omi gbígbóná, yóò bọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ gbé e sí fírísà fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kó fi sùn, kí ẹ wá fi búrọ́ọ̀ṣì eyín tó ti gbó fọ ẹrẹ̀ ara rẹ̀.

Ẹ gbé omi lítà 5 kaná, kí ẹ da àlùbọ́sà, aáyù, atalẹ̀, ata àti iyọ̀ ṣíbí ìjẹun 5 sí i. Kí iyọ̀ rẹ̀ ju ti ọbẹ̀ lọ, torí inú èèpo ló fẹ́ wọ̀. Bó bá ti hó, àgbàdo ló kọ́kọ́ ń wọlé. Ní Amẹ́ríkà, àgbàdo wọn rọ̀, ẹ̀yìn ni wọ́n ń sọ ọ́ sí i. Tiwa ò rí bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15, pọ̀tétò. Ìṣẹ́jú 5 sí i, akàn, kí ẹ sì dé e fún ìṣẹ́jú 12. Bí ọ̀bẹ bá wọ pọ̀tétò láìṣòro, ó kan edé.

Edé yìí gan-an ló ń já àwọn èèyàn kulẹ̀. Bó bá dì, ẹ jẹ́ kó yọ́ pátápátá kó tó wọ ìkòkò, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, omi á tutù, ìta edé á jinná kí inú tó jinná. Ẹ fi sísọ́ọ̀sì la ẹ̀yìn rẹ̀, kí ẹ fa ìfun dúdú yọ, àmọ́ ẹ fi èèpo àti orí sílẹ̀. Ibẹ̀ ni adùn wà. Ẹ ṣa ńlá lọ́tọ̀, kékeré lọ́tọ̀, kí ńlá fi ìṣẹ́jú 1 ṣáájú. Ìṣẹ́jú 3 péré ni gbogbo rẹ̀, láti ìgbà tí ńlá bá ti wọ omi, kì í ṣe láti ìgbà tí omi bá tún hó. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń dúró de kó tún hó, ibẹ̀ ló ti ń le. Ẹ má wojú aago nìkan: bó bá pupa, tó tẹ̀ bí ìwọ̀ ẹja, ó ti jinná. Bí ìrù rẹ̀ bá ti kan orí, ó ti kọjá. Ẹran rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ èèpo.

Ẹ paná lójú ẹsẹ̀. Ẹ já ọ̀rá píọ̀ wọ́tà dídì 2, kí ẹ ju yìnyín inú rẹ̀ sí ìkòkò. Èyí ni kò ní jẹ́ kí edé máa jinná lọ nígbà tí ata àti iyọ̀ bá ń wọ̀ ọ́. Ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, kí ẹ ya efinrin lé e, kó wà bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10.

Kí ẹ tó sẹ́ ẹ, ẹ bu ìgbáko omi rẹ̀ kan sínú bọ́tà tí ẹ fi yan aáyù. Inú rẹ̀ ni ẹ ó máa ki akàn àti edé bọ̀ bí ẹ bá ń jẹ ẹ́. Èyí tó bá ṣẹ́ kù, ẹ bó èèpo rẹ̀ kó tó wọ fíríìjì. Lọ́jọ́ kejì, ẹ má tún un sè; inú ọbẹ̀ ata gbígbóná ni kí ẹ dà á sí lẹ́yìn tí ẹ bá ti paná.